Ìwé Àṣẹ Tí Kò Ní Tàdáwà

Ẹ dákun, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Anselm Pardew yìí! Ọkùnrin kan jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ti jẹun yó, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sì ń mi orí bí wọ́n ṣe ń tẹ òǹtẹ̀ ọba sórí ìwé tí yóò gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí Ilé-Ìṣọ́, ẹ̀wọ̀n ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tó tàn án. Kò sí ẹni tó fi agbára mú un. Òun ló ń sọ pé, "Ó dáa, èyí tó kàn."

Ṣùgbọ́n kí á tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mọ ẹni tó jẹ́.

Wakefield ni wọ́n bí i sí, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí baba rẹ̀ ti ń pa aṣọ irun àgùntàn láró. Ọwọ́ baba náà kì í mọ́ láé. Bí ó bá bu búrẹ́dì fún ọmọ, àmì ìka márùn-ún á yọ lára búrẹ́dì náà ní àwọ̀ aró. Ìyá rẹ̀ ló wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ló wo ti ọmọ, ló ní, "Eléyìí ò ní ki ọwọ́ bọ agbada aró. Látìnì ló máa kọ́." Bàbá ní ta ni yóò máa ru igi ìdáná? Ìyá ní òun. Òun ló sì ru ú fún ọdún méje.

Ọmọ náà mọ̀wé débi pé ó ń ba àwọn olùkọ́ lẹ́rù. Ó lè kọ lẹ́tà tí yóò bẹ ènìyàn, tí yóò tún halẹ̀ mọ́ onítọ̀hún, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo! Bíṣọ́ọ̀bù kan gbọ́ nípa rẹ̀, ó gbà á sọ́dọ̀. Nígbà tó yá, bíṣọ́ọ̀bù yìí ṣubú lójú ọba, gbogbo ilé rẹ̀ tú ká, ṣùgbọ́n Anselm kò bá a ṣubú, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mìíràn. Wọ́n rán an níṣẹ́ ikọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú àlàáfíà bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mú inú rírun bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kó tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ọba ti fi idà kàn án léjìká, ó ti di Sà Anselm, ó sì ń bá àwọn ìgbìmọ̀ jókòó.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n láàfin, ìmọ̀ràn kọ́ ni iṣẹ́ tó le jù. Èyí tó le jù ni pé kí ènìyàn máa mọ ibi tó dúró sí. Kò sí ẹni tó ń pe ènìyàn kó sọ fún un pé, "O ti ṣubú o." Rárá! Ìwọ ni yóò máa wò ó. Ẹni tó máa ń bèèrè ìyàwó rẹ tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń bèèrè rẹ̀? Ẹni tó máa ń tì ọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ló dé tó fi yà fún ọ lónìí? Anselm mọ gbogbo àmì wọ̀nyí bí àgbẹ̀ ṣe mọ òjò. Ogún ọdún ló fi ń kà á, kò sì ṣìṣe rí.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ọba bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ náà wú, kò lè di gègé mú dáadáa mọ́. Ìwé tó ń dúró de ìbuwọ́lù rẹ̀ sì ń ga sí i lójoojúmọ́. Anselm ló mú àbá wá. Wọ́n gbẹ́ orúkọ ọba sára igi bí ọwọ́ ọba gan-an ṣe ń kọ ọ́. Wọn kì í fi tàdáwà sí i. Wọ́n á kàn gbé e lé ìwé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in, orúkọ náà á jìn wọ inú ìwé láìní àwọ̀, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yìnyín. Akọ̀wé kan ṣoṣo ni yóò wá fi gègé tọ ojú ọ̀nà náà, yóò kùn ún ní tàdáwà, ó di ọwọ́ ọba nìyẹn.

Kí jìbìtì má bàa wọ̀ ọ́, Anselm ṣe òfin lé e lórí. Ẹnì kan ni yóò máa tẹ òǹtẹ̀: Piers Ludlam, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wọ yàrá ọba, ọkùnrin sísanra, aláwàdà. Anselm fúnra rẹ̀ yóò jókòó tì í, yóò ka ìwé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wilfrid Cropper, akọ̀wé, ni yóò kùn wọ́n. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sínú àkọsílẹ̀ kan, kí ọba lè gbọ́ ọ lópin oṣù. Èyí tó wá ga jù lọ ni pé ìwé tí òǹtẹ̀ bá ti bà kò gbọdọ̀ sọnù. Wọn ò gbọdọ̀ ya á, wọn ò gbọdọ̀ sun ún. Kí ló dé? Nítorí olè kankan tó ní tàdáwà lè kùn ún. Òfin tó dára! Gbogbo ìgbìmọ̀ ló yìn ín.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ, ó ku ọjọ́ méjì kí ọba gbọ́ àkọsílẹ̀. Ìwé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n tú jáde látinú àpò awọ. Ìwé àṣẹ kí ẹnì kan pa àgbọ̀nrín mẹ́ta nínú igbó ọba. Ilẹ̀ opó kan. Ẹni tí yóò máa tọ́jú ajá ọdẹ. Anselm ka mẹ́wàá àkọ́kọ́ láti orí dé ìdí. Ó ka orí ogún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, igun ìwé ló ń wò. "Ó dáa, èyí tó kàn." Piers á tẹ̀ ẹ́, gbì! "Ó dáa, èyí tó kàn." Gbì!

Kò ju wákàtí méjì lẹ́yìn náà lọ tí Wilfrid fi kan ilẹ̀kùn yàrá kékeré tí Anselm ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni Wilfrid, ará Kent, oníkọ́. Ó ti kun orúkọ ọba títí ó fi mọ̀ ọ́n kọ ju ọba lọ.

"Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn."

"Wilfrid, kí ló dé? Ojú rẹ rí bíi wàrà tó ti kan."

"Mo ti kun ìwé mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mi ò lè kun èyí tó kàn."

"Ṣé tàdáwà ló tán ni?"

"Tàdáwà wà, olúwa mi. Ọwọ́ mi ni kò gbà. Ẹ kà á."

Anselm gbà á. Ìwé àṣẹ ìfàṣẹmúni ni. Ó mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa, torí òun ló kọ wọ́n, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kí àwọn akọ̀wé lè máa dà á kọ, kí wọ́n sì máa fi àyè orúkọ sílẹ̀. "Kí ẹ mú un láìfi ariwo ṣe, kí ẹ sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ..." Láìfi ariwo ṣe! Gbólóhùn yẹn ṣì dùn mọ́ ọn. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ojú rẹ̀ tó dé àyè orúkọ.

Sà Anselm Pardew, ti ìgbìmọ̀ wa.

Ó tún un kà. Ó yí ìwé náà sí fèrèsé. Orúkọ ọba wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, funfun lórí funfun, ó jìn wọ inú ìwé. Ó tún dá a padà sórí tábìlì. Orúkọ pòórá. Ó gbé e sókè. Orúkọ yọ.

"Ta ló kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

"Mi ò mọ ọwọ́ náà. Ẹ̀yin ńkọ́, olúwa mi?"

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Àpò yẹn ti gba ọwọ́ ogún ènìyàn kọjá." Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Bóyá ọba ló fẹ́ ẹ. Bóyá ẹnì kan ló jù ú sáàárín àwọn ìwé yòókù. Ọ̀kan nínú méjì ni."

"Olúwa mi, ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí mi ò bá kùn ún, ṣé ọba ti bu ọwọ́ lù ú àbí kò tíì bu ọwọ́ lù ú?"

"Kò tíì..." Anselm tún ìwé náà wò. "Rárá, ó ti... Dúró ná." Òun ló ṣe òfin, kò sì mọ̀ ọ́n! Bí ìwé tí kò ní tàdáwà kì í bá ṣe ìwé ọba, kí ló dé tí òun fi ní wọn ò gbọdọ̀ ya á? Bí ó bá sì jẹ́ ìwé ọba, a jẹ́ pé ẹlẹ́wọ̀n ni òun láti wákàtí méjì sẹ́yìn, orí àga òun lòun ti ń ṣẹ̀wọ̀n.

Wilfrid wo iná tó ń jó nínú ògiri. Anselm náà wo iná náà.

"Piers ń ka iye tó bá tẹ̀," Anselm ní. "Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló mọ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá dín ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé, ọrùn rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè."

"Òfin yẹn lágbára, olúwa mi. Ẹni tó ṣe é gbọ́n púpọ̀."

"Ṣé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ẹ̀rù bá ti bà mí, ẹnu mi kì í dúró síbi tí mo fi sí."

Anselm ká ìwé náà sínú apá ẹ̀wù rẹ̀. "Lọ kun mẹ́fà yòókù. Sátidé ṣì jìn." Kò jìn. Ọjọ́ méjì péré ni.

Bó ṣe jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ta ló tún pàdé bí kò ṣe Piers Ludlam. Piers na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Anselm! Ọ̀rẹ́ mi! Ọ̀la ni ọjọ́ ẹja, tí a kì í jẹ ẹran, wá jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n mú ọ̀kan wá fún mi látinú odò, ehín rẹ̀ pọ̀ ju ti ìyá ìyàwó mi lọ. Thomasine ńkọ́?"

Ó bèèrè ìyàwó! Ọkàn Anselm fúyẹ́. Àbí ó tún bèèrè rẹ̀ jù? Ọkàn rẹ̀ tún wúwo.

"Thomasine wà. Piers, àwọn ìwé òní yẹn, ṣé o kà wọ́n?"

"Èmi kẹ̀? Èmi ń tẹ̀, ìwọ ń kà. Bí mo bá ń tẹ̀ tí mo tún ń kà, kí wá ni tìrẹ níbẹ̀? Ṣé o wá ń yáná ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ mì, ó lu Anselm lẹ́yìn, ó bá tirẹ̀ lọ. Anselm dúró síbẹ̀. Òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dà bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn.

Kò tíì bọ́ bàtà tán nílé nígbà tí ìránṣẹ́ ọba kan dé, aṣọ pupa lọ́rùn, páì ẹran àgbọ̀nrín lọ́wọ́, tó ṣì ń gbóná. "Kábíyèsí ní kí Sà Anselm jẹ ẹ́, kí ara rẹ̀ lè le."

Páì yìí ni ṣìbáṣìbo tó kàn! Anselm jókòó, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó rántí ọkùnrin kan tí ọba fi irú ẹran yìí ránṣẹ́ sí, wọ́n fi oyè tuntun dá a lọ́lá lọ́sẹ̀ kejì. Ó rántí òmíràn tí ọba fi ránṣẹ́ sí, wọ́n mú un lọ́jọ́ kẹta, egungun ẹran náà ṣì wà nínú àwo. Irú ẹran kan náà ni. Alásè kan náà ló ṣe é.

Thomasine, ìyàwó rẹ̀, ọmọ oníṣẹ́ awọ ní Lọ́ńdọ̀nù, jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ lọ bi í."

"Ta ni?"

"Ọba."

"A kì í bi ọba ní ìbéèrè, Thomasine."

"Kí ni wọ́n ń pè yín láàfin yẹn? Olùgbaninímọ̀ràn. Olùgbaninímọ̀ràn tí kò lè bi ẹni tó ń gbà nímọ̀ràn léèrè ọ̀rọ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí àga?"

"Gbọ́ mi ná. Bí mo bá bi í, tó bá jẹ́ òun ló fẹ́ ẹ, mo ti di ẹni tó fi ìwé àṣẹ ọba pamọ́ sínú ẹ̀wù. Bí kò bá sì jẹ́ òun, yóò ní báwo ni mo ṣe jókòó tí wọ́n fi orúkọ òun tẹ irọ́ lójú mi. Ilé-Ìṣọ́ ni ọ̀nà méjèèjì já sí."

"Bí ẹ ò bá wá bi í ńkọ́?"

"Wọ́n á ka àkọsílẹ̀ fún un lọ́jọ́ Sátidé."

"Ilé-Ìṣọ́ nìyẹn náà. Ọ̀nà mẹ́ta, ilé kan." Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé páì náà. "Ẹ jẹun, ọkọ mi. Tí wọ́n bá máa mú yín, kí wọ́n má mú yín pẹ̀lú ebi." Òun jẹ. Anselm ò lè jẹ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sí ìjókòó ìgbìmọ̀. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ yẹn ló burú jù! Ẹnì kan di ilẹ̀kùn mú fún un. Ẹnì kan húkọ́ bó ṣe wọlé. Ẹnì kan ní ojú ọjọ́ dára, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀. Ohun gbogbo ní ìtumọ̀ méjì. Ó mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n má jẹ́ kí àlìkámà jáde kúrò nílùú títí ìkórè yóò fi dé, gbogbo wọn sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà, láìjiyàn. Ogún ọdún, wọn ò gbà fún un láìjiyàn rí! Ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan ṣáà bú mi. Ó kọ ẹja Piers, ó ní inú ń run òun, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kíkọ̀ náà dà bí ìjẹ́wọ́. Ọkùnrin tó ń ka àmì bí ẹni ń ka ìwé, àmì ti pọ̀ lójú rẹ̀ débi pé kò rí ọ̀kankan mọ́.

Òwúrọ̀ Sátidé, Wilfrid tẹ́ àkọsílẹ̀ síwájú rẹ̀. Márùndínláàádọ́rùn-ún ti wà níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo, èyí tó di ọgọ́rin, ló ṣófo.

"Kí ni mo máa kọ síbẹ̀, olúwa mi?"

"Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé kí n kọ 'mi ò mọ̀'? Ìlà náà gbà á."

Anselm fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló já lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà pẹ́. Nígbà tó dákẹ́, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ Thomasine nípa àga kò tíì kúrò létí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ọ̀nà kẹrin. Ó ní, "Kọ ọ́ báyìí: Ìwé àṣẹ láti mú Anselm Pardew. A ti tẹ̀ ẹ́, a ò kùn ún. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu Kábíyèsí."

Wilfrid kọ ọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa, láìṣi lẹ́tà kan.

Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn láti dé ọ̀dọ̀ ọba? Ọba ò gba àlejò lọ́jọ́ náà, orí ibùsùn ló wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọlé, tó ń jáde. Ẹ ti mọ̀ ọ́n! Piers Ludlam ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń jẹ èso ápù.

Anselm dúró. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin yìí ni ọ̀tá, a jẹ́ pé òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun gbé orí òun lé e lọ́wọ́. Bí kò bá sì jẹ́ ọ̀tá, Piers nìkan ni ọ̀nà tó kù. Ó fa ìwé náà yọ.

"Piers, mú àkọsílẹ̀ wọlé. Mú èyí pẹ̀lú rẹ̀. Sọ pé èmi ni mo mú un wá, pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ Kábíyèsí ni."

Piers kà á. Ó dẹ́kun jíjẹ ápù. Ojú rẹ̀ yí padà, àbí kùrukùru ló kọjá lójú fèrèsé ni, Anselm ò lè bura. "O ti ya wèrè," Piers sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì wọlé.

Anselm àti Wilfrid, tó gbé àkọsílẹ̀ tẹ̀ lé e wá, dúró. Wilfrid ń húkọ́. Ohùn ń bọ̀ látinú yàrá, ọ̀rọ̀ ò yé ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ohun kan jábọ́. Ìgbà tó pẹ́ títí, Piers jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Kábíyèsí ní òun fi dígí ojú wò ó dáadáa, òun ò rí orúkọ òun níbẹ̀. Ó ní kí ló dé tí o fi ń gbé ìwé òfìfo wá bá aláìsàn."

"Ó yí i sí fèrèsé?"

"Orí ibùsùn ló wà, Anselm. Aṣọ ìkélé yí i ká."

"A jẹ́ pé kò yí i sí ìmọ́lẹ̀ rárá nìyẹn? Àbí ó rí i tó ní òun ò rí i? Piers, ohùn wo ló fi sọ ọ́?"

"Ohùn ọba."

"Ta ló rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀rín wo?"

"Ìwé náà dà?"

"Ó ti wà nínú iná. Má bi mí pé ta ló jù ú síbẹ̀, o ò ní gba èyí tí mo bá sọ gbọ́." Ó gbá Anselm léjìká, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. "Lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi."

Ó lọ. Lọ́sẹ̀ kejì ó tọrọ àyè láti padà sí àríwá nítorí inú rírun rẹ̀. Wọ́n gbà fún un lọ́jọ́ náà gan-an, ìyẹn náà tún kó ìdààmú bá a: ṣé àánú ni, àbí wọ́n ti ń dúró dè é tẹ́lẹ̀? Ó gbé ọdún mọ́kànlá ní Wakefield. Kò sẹ́ni tó wá mú un. Kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Gbogbo àlejò tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló ń fún ní ọtí, tó ń bi ní ìbéèrè yíká-yíká, kò sì sí ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá ti ẹnì kejì mu.

"Ẹ wà láàyè," Thomasine máa ń sọ. "Ìdáhùn nìyẹn."

"Ìdáhùn sí ìbéèrè wo?"

"Ẹ jẹun."

Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, láìfi ariwo ṣe. Wọ́n ní ó ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ àlùfáà tó wá gbàdúrà fún un bóyá ohun tí a tẹ̀ tí a kò kùn jẹ́ ohun tí a kọ. Àlùfáà rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀run ló ń sọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Ẹ mú òrùka tó ní iṣẹ́ ọnà lójú, tàbí kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé funfun gbọn-in, láìsí tàdáwà. Ẹ gbé ìwé náà lé orí ibùsùn, kí ẹ fa aṣọ bo fèrèsé, kí ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ tún wò ó. Ẹ má gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lọ fi ojú ara yín rí i.